Kọ̀ǹpútà Ogójì àti Obìnrin Tí Wọ́n Pè Lólè

Lọ́jọ́ Ajé kan, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pe obìnrin kan lólè lójú ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta. Obìnrin náà mọ iye wọn, torí ó kà wọ́n. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kà wọ́n. Bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í kọjá lára nǹkan kó má mọ iye rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́sẹ̀ nínú gbogbo wọn. Àwọn kan ń wo bàtà ara wọn. Àwọn kan ń yẹ èékánná wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ilé-iṣẹ́ omi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ẹ̀rọ omi wọn gbẹ. Obìnrin náà ló ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Màmá Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ rí tí kò ní sọ pé, "Ẹ jẹ́ n tún un wò." Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé ná.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ìdí tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tó ń ki wáyà bọ ihò, tó ń béèrè pé, "Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé, òun àti ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù ni wọ́n jọ wà nínú páálí. Àwọn ọkùnrin gbé ẹ̀rọ, wọ́n ju ìwé sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Obìnrin yìí lọ yọ ìwé náà jáde, ó nù ún, ó sì ń kà á lábẹ́ tábìlì tẹlifóònù, ojú ewé kan lójúmọ́, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lórí itan. Ó parí rẹ̀ lọ́dún kan àti oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọkùnrin dúró yí i ká tí wọ́n ń gbá a lórí bí ẹni ń gbá rédíò, òun ló sọ láti ìdí wáyà rẹ̀ pé, "Ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́rin." Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ wọn tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí iṣẹ́ náà yé ènìyàn díẹ̀ kó tó lè mọ bí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn ṣe tóbi tó. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ra ètò kọ̀ǹpútà ní ẹyọ-ẹyọ bí ẹni ń ra bírò. Ìwé àṣẹ kan ni wọ́n ń rà tí yóò kárí gbogbo ẹ̀rọ ilé. Wọ́n á wá fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà sínú kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá títì, èyí tí Màmá Tún-un-wò ń pè ní kọ̀ǹpútà àgbà. Iṣẹ́ àgbà yìí ni láti máa jẹ́rìí fún àwọn yòókù. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń kí i, tó ń sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ fún un, tí àgbà sì ń dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́, máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ." Ṣùgbọ́n àgbà náà ní òfin kan: kò ní jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ̀rọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti kí i. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rìnlélógún, yóò panu mọ́ ni. Àwọn tó ṣe ètò náà ló fi òfin yìí sí i, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta péré má baà pe ara rẹ̀ nílé-iṣẹ́ ńlá.

Ilé-iṣẹ́ omi ra kọ̀ǹpútà ogójì tuntun, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà àgbà tuntun mọ́ ọn. Mọ́kànlá ló kù nínú ti àtijọ́, ẹ̀rí tí àgbà àtijọ́ jẹ́ fún wọn ò sì tíì tán. Máníjà pe Màmá Tún-un-wò, ó ní ọjọ́ mélòó ni yóò fi tò wọ́n.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gá."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Màmá, kọ̀ǹpútà la ní kí ẹ tò, a ò ní kí ẹ bí wọn."

Ni ó bá gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kan láti ìta, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ mú ṣóńṣó níwájú, tó jẹ́ pé fóònù méjì ló máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọjọ́ mẹ́ta, sà," ló sọ, ọjọ́ mẹ́ta náà ló sì fi parí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ṣe-Kíá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Máníjà wá pàṣẹ fún Màmá Tún-un-wò pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tuntun kankan fún oṣù mẹ́ta, torí Ṣe-Kíá ló ṣe onídùúró wọn. Obìnrin náà ò janpata. Ó lọ tẹ̀ sídìí mọ́kànlá àtijọ́ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ̀rọ tuntun lè fi dúró láì rí ẹ̀rí àgbà pé, ojú ogójì kọ̀ǹpútà ṣú dùdù lọ́jọ́ kan náà. Ó hàn ní igun ojú wọn pé ètò tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, bí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pa lójijì. Ohun tó fa ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn.

Máníjà dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ ti rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín. A ti pe agbaṣẹ́ṣe wa, ó sì ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò."

Ṣe-Kíá tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò le rárá. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín ti jáde síta. Àwọn ará ìta ti ń lò ó, àwọn tó ni ètò wá fura, ni wọ́n bá tì í pa. Ẹni tí nọ́ńbà yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló mọ ẹni tó tà á fún."

"Ọwọ́ ta ló wà ná?" Akọ̀wé ẹnu-ọ̀nà ló béèrè, obìnrin tó ń gba àlejò nísàlẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tí kò mọ̀.

Máníjà ò dárúkọ ẹnì kan. Ó kàn yíjú síbi tí Màmá Tún-un-wò jókòó sí, gbogbo orí sì bá a yí síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé èmi lẹ̀ ń wò?"

"Màmá, inú dúrọ́ọ̀ yín ni nọ́ńbà náà wà. Ọrùn yín ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà wà."

"Ó wà lọ́rùn mi lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ náà wò kí..."

"Kò sí àtúnwò mọ́!" Máníjà lu tábìlì. "Ẹ̀ ń tún un wò, ẹ̀ ń tún un tà! Olè jíjà nìyẹn, èmi ò mọ orúkọ mìíràn tó tún ń jẹ́."

Ó na lẹ́tà kan sí i. Lẹ́tà náà ní kó dáhùn, kó tó di agogo mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, ìdí tí wọn ò fi ní lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba káàdì tó fi ń ṣí yàrá kọ̀ǹpútà àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í lé Ṣe-Kíá lọ́wọ́ níbẹ̀ níbẹ̀, kí ó lè rí i. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.

Ó dáa, ẹ wo irú ìwà yìí. Ọkùnrin tó ní òun ti yẹ ọ̀rọ̀ wò kò yẹ nǹkan kan wò. Kò mọ ohun tó mú ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ẹni tí kò mọ nǹkan, tí ẹnu rẹ̀ ò sì lè gbé "mi ò mọ̀" jáde, ó léwu ju ẹni tó gbé ọ̀bẹ dání lọ, torí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò fi dí ihò àìmọ̀ rẹ̀. Máníjà ńkọ́? Ọdún méje ló ti ń bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ní kọ̀rọ̀ kó tó gbé e sí gbangba. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi parí iṣẹ́ ló ń wú u lórí. Ó ti rò pé ẹni tó yára ló mọ̀.

Màmá Tún-un-wò ò sunkún. Ó padà sí tábìlì rẹ̀, ó ní kí ẹni tó jókòó tì í bá òun tẹ kọ̀ǹpútà tuntun tirẹ̀, ó sì ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí Ṣe-Kíá ì bá kà ká ní ó fẹ́ ka nǹkan. Kò síbi tó ti sọ pé wọ́n ti nọ́ńbà ìwé àṣẹ pa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó kí kọ̀ǹpútà àgbà kò tíì tó iye tó yẹ. Méjìlá péré ni wọ́n. Ó kọ "méjìlá" sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán awọ bàtà tó já. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa mọ́tò èrò kó tó fẹ̀yìn tì, títí di báyìí kò lè jókòó kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ má máa wá ìjánu.

"Ìyá wọn, ojú ẹ ti pọ́n. Ta ló ṣe é?"

"Wọ́n ní mo jalè."

Ó gbé bàtà sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó o ṣèèṣì gbé bírò ilé-iṣẹ́ wálé, tó o ní kí n gbé mọ́tò jáde ká lọ dá a padà?"

"Bàbá wọn, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi."

"Mi ò pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Inú ń bí èmi náà, ni mo ṣe ń sọ̀sọkúsọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀rọ̀ Ṣe-Kíá títí dórí káàdì. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ibi tí kọ̀ǹpútà àgbà ti sọ pé méjìlá ló kí òun, ó ní kó dúró ná.

"Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ogójì tuntun, mọ́kànlá àtijọ́. Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Gbogbo wọn ló sì ń kí àgbà yẹn?"

"Gbogbo wọn ni. Mo rí i lójú ọ̀kan nínú wọn pé ó kí i láàárọ̀ yìí."

"Èyí ò le," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìdí mọ́tò ni mo gbó sí. Bí èrò mọ́kànléláàádọ́ta bá wọlé, tí kọ́ńdọ̀ wá lóun rí tíkẹ́ẹ̀tì méjìlá péré, ṣé a ó ní ẹnì kan ló ta mọ́tò ni? Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń nà fún ara wọn láti ojú fèrèsé. Ẹnì kan á wọlé, á na tiẹ̀ sí èkejì níta. Mo ti mú wọn láìmọye ìgbà."

Màmá Tún-un-wò ṣí ìwé rẹ̀, ó wo méjìlá tó kọ síbẹ̀.

"Bàbá wọn. Mọ́kànlá àti ẹyọ kan ni méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?"

"Mọ́kànlá àtijọ́ ní ìdánimọ̀ tiwọn, èmi ni mo tò wọ́n, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi. Bí àgbà bá wá rí ẹyọ kan péré lé e, a jẹ́ pé..." Ó pa ìwé dé. "Mi ò tíì rí i. Ẹ jẹ́ n lọ tún un wò."

Ohun tó fura sí rèé. Ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà ogójì kíákíá, ọ̀kan ni yóò tò dáadáa. Yóò wá da gbogbo inú ọ̀kan náà kọ sínú mọ́kàndínlógójì tó kù. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó dà á kọ, ó gbọ́dọ̀ pa nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ rẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí kò bá pa á rẹ́, ogójì ẹ̀rọ ni yóò máa kí àgbà pẹ̀lú ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, àgbà yóò sì máa rò pé ẹnì kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Wọ́n ti ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tuntun, kò sì fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú ìwé àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tí yóò mú ìdánimọ̀ jáde, òun náà ni yóò kà á sókè, nọ́ńbà àti lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n. Màmá Tún-un-wò á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní kó tún un kà, á sì ní kó fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹnu-ọ̀nà ló kọ́kọ́ yà sí. Àlejò mẹ́rin ló jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró.

"Màmá, kí lẹ tún wá wá? Àbí ẹ fẹ́ wá ta èmi náà ni?"

"Bí mo bá tà ẹ́, ta ni yóò rà?"

Àlejò kan tú ẹ̀rín sílẹ̀. Akọ̀wé náà yọ ṣùtì ètè, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á, ó fọwọ́ sí i. Lọ́dọ̀ ẹni kejì, bákan náà. Ẹni kẹta ni Bàbá Onígò, ọkùnrin tó ń yẹ omi wò, tí ìgò kéékèèké máa ń kún àpò aṣọ funfun rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà dé ìdajì, ó dúró.

"Màmá, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n wo ti òkè yẹn nínú ìwé yín. Ṣé kì í ṣe òun náà rèé?"

"Ẹ máa kà á lọ."

"Òun náà ni! Ọ̀rọ̀ ti yanjú! Ẹni mẹ́ta, nọ́ńbà kan! Ẹ gbé e lọ bá wọn."

"Mẹ́ta kì í ṣe ogójì, Bàbá Onígò. Bí mo bá gbé mẹ́ta lọ, wọ́n á ní mẹ́tàdínlógójì yòókù ni mo tà."

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi gun àtẹ̀gùn tó sì sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ìgbà òtútù. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ní àyè ò sí, kó padà wá lọ́sàn-án. Ó padà wá lọ́sàn-án. Ti máníjà, ẹni tó ń bá a tẹ̀wé ló kà á, tó sì fọwọ́ sí i. Èyí tó kẹ́yìn nínú ogójì wà nílé ẹ̀rọ tó ń fa omi, lẹ́yìn ọgbà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kì í dé kó tó di agogo mẹ́ta. Màmá Tún-un-wò jókòó sórí páìpù tútù, ó ń dúró dè é. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa fọwọ́ sí i, ìlà ogójì ló wà nínú ìwé náà, ọwọ́ ogójì tó yàtọ̀ síra, àti nọ́ńbà kan ṣoṣo tí lẹ́tà kan ò yẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kan ilẹ̀kùn máníjà. Ṣe-Kíá ti wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fúláàṣì kékeré kan wà lára kọ̀ǹpútà máníjà, ojú kọ̀ǹpútà náà sì ti mọ́.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan," ni máníjà wí. "Ìṣẹ́jú méjì péré ló fi ṣí i. Lọ́sàn-án yìí ló máa ki ohun yìí bọ gbogbo ẹ̀rọ, a ó sì bọ́. Ìdáhùn yín dà?"

Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí i. Ṣe-Kíá ló kọjú sí.

"Nígbà tó o ń da inú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kọ sínú àwọn yòókù, ṣé o kọ́kọ́ pa ìdánimọ̀ ẹ̀ rẹ́?"

"Ìdánimọ̀ báwo, Màmá?"

"Èyí tí ogójì òṣìṣẹ́ kà jáde lẹ́nu ara wọn rèé. Kà á. Ogójì ìgbà."

Ó kà á dé ìkẹrin, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan o. Àwọn mìíràn kì í ṣe é."

"Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni, lójú ewé kejì."

"Màmá, ta ló ń ka ìwé yẹn?"

"Èmi."

Máníjà fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Màmá Tún-un-wò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjìlá fún un, ó ṣàlàyé ti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láì kánjú, láì fi ọ̀rọ̀ kan ṣeré. Lẹ́yìn náà ló wá na ìka sí fúláàṣì.

"Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Ohun tó ń ṣí i ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti... Màmá, gbogbo ayé ló ń lò ó."

Ohùn obìnrin náà ò lọ sókè. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi. Kọ̀ǹpútà àgbà ayédèrú ló wà nínú ohun yẹn. Ẹlẹ́rìí èké ni. A ní ìwé àṣẹ tòótọ́, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò tì í pa. Ọkùnrin yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ló bá lọ kó ohun olè wá sórí tábìlì yín. Ó sì tún fẹ́ ki í bọ ẹ̀rọ tí Bàbá Onígò fi ń kọ ọ́ bóyá omi dáa fún ọmọ aráyé láti mu, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fara pamọ́ sínú ẹ̀. Èmi lẹ pè lólè o! Èmi tí mi ò gbé nǹkan kan. Ẹni tó gbé e ló jókòó lórí àga yín yìí, tó ń mu tíì yín."

Ọ̀kan nínú fóònù Ṣe-Kíá dún, tàbí kò dún. Ó ṣáà gbé e sétí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń pè mí níbìkan." Ó yọ fúláàṣì rẹ̀, ó fi káàdì sílẹ̀ lórí tábìlì, bàtà ṣóńṣó náà sì gba àtẹ̀gùn lọ.

Máníjà na ọwọ́. "Màmá, ẹ mú lẹ́tà yẹn wá." Ó fà á ya sí mẹ́rin. "Ó ti tán. Ẹ gba káàdì yín. Ẹ bá wa tún ẹ̀rọ ṣe."

"Ọ̀gá, lẹ́tà lẹ fà ya. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ńkọ́?"

"Màmá..."

"Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ sọ ọ́ fún. Àwọn náà ni kí ẹ bá mi sọ ọ́ fún pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ rò ó wò ná. Ipò tí mo wà..."

"Ipò yín ni mo rò tí mo fi kan ilẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àárín ọgbà ni ǹ bá ti ṣí ìwé yìí."

Máníjà tún àwọn ìwé kan tò lórí tábìlì. "Ẹ tún ẹ̀rọ ṣe ná. A ó máa rí i sí."

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó rò ó pé kí òun gbé báàgì òun kó di ilé, kí wọ́n lọ fi ọjọ́ mẹ́ta wọn tò ó. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ń bẹ akọ̀wé ẹnu-ọ̀nà pé ọjọ́ mẹ́rin rèé tí omi ò ti yọ nílé òun. Akọ̀wé náà sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń pa lójijì, òun ò rí orúkọ wọn. Ìyá yẹn ò pe ẹnì kankan lólè. Màmá Tún-un-wò bọ́ gèlè rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pa ìdánimọ̀ èké rẹ́, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gba tirẹ̀, tó ń ní kó lọ kí àgbà. Iye tó kí àgbà ń gòkè láti méjìlá: mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ ń ṣe tán, ojú wọn ṣì ń ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wo ara wọn. "Màmá, ó dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ o." Ó kọjú sí ẹ̀rọ tó kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ló tún ìkẹtàlá ṣe, iye àgbà di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gééré, ojú kọ̀ǹpútà ìkẹtàlá sì mọ́ rekete. Ó ní kí àwọn méjìlá ìṣáájú tún kí àgbà. Wọ́n ń mọ́ níkọ̀ọ̀kan, láti yàrá dé yàrá. Bàbá Onígò pariwo lókè débi tí ìgò kan fi bọ́ lápò rẹ̀ tó fọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ogójì ti pé.

Ọjọ́ Ajé dé, ìpàdé pé. Máníjà dìde, ara rẹ̀ yá gágá.

"A dúpẹ́, kọ̀ǹpútà wa ti ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kékeré kan ló wáyé, ó sì ti kọjá. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjà kejì."

Màmá Tún-un-wò dìde. "Ọ̀gá, àṣìṣe ta ni?"

Máníjà yára ṣí ìwé ìpàdé.

"Màmá, a ti sọ ọ́ tán ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì kọ́ lẹ ti pè mí lólè."

Bàbá Onígò náà dìde, ó sì dúró síbẹ̀. Akọ̀wé ẹnu-ọ̀nà wá gbé ohùn sókè láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́ ká gbọ́ jàre. Èmi náà fọwọ́ sí nọ́ńbà yẹn. Mo sì ti fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ń tì mí." Àga ń han lójú kan, ó ń han lójú mìíràn, ènìyàn mẹ́wàá, ogún, ti wà lórí ìdúró.

Màmá Tún-un-wò rìn lọ síwájú, ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Ìlà mẹ́ta péré ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Máníjà wò ó, ó wo àwọn tó dúró, ó tún wò ó. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó gbé e, ó ń kà á wùyẹ̀wùyẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì:

"Obìnrin yìí kò ta nọ́ńbà ìwé àṣẹ wa fún ẹnikẹ́ni. Agbaṣẹ́ṣe tí mo mú wá ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi máníjà..." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Ètè rẹ̀ mì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Màmá Tún-un-wò wí, "ẹ gbóhùn sókè. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lólè, àwọn tó wà níta gbọ́ ọ."

Máníjà wúkọ́. Ó fa ìwé náà súnmọ́ ojú, ó sì padà sí ìlà àkọ́kọ́.